Nígbà Tí Ìpara Wa Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ta Sánsán

Òórùn òrí tó ń yọ́ lórí sítóòfù ni mo fi mọ ilé wa ní Igbó-Elérin. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pàdé mi, á rọ̀ mọ́ aṣọ mi, á sì bá mi wọ kíláàsì ní Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mo ń kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo sì ń gbé. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì ń fi òrí, àdí àgbọn àti ewé àsúnwọ̀n òyìnbó se ìpara fún ara yíyún. Nítorí pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.

Ìpara àkọ́kọ́ yẹn kò ní omi nínú, ọdún kan lè kọjá lórí rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ó ki jù. Wọ́n fẹ́ èyí tó funfun, tó rọ̀, bíi ti inú ṣọ́ọ̀bù Àlàbá. Èmi ni mo ṣírò bí a ó ṣe fi ìda oyin po omi àti oje etí erin mọ́ òrí tí wọn kò fi ní pínyà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dì, orí mi wú. Mo sọ fún Àǹtí pé olùkọ́ wa ní ohunkóhun tó bá ti lómi nínú gbọ́dọ̀ ní nǹkan tí yóò máa pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kẹ́míkà kẹ̀? Torí pé kò sí kẹ́míkà nínú ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á."

A wá fẹnu kò pé kí n dán an wò ná. Mo gbé ike kan sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń pa á, mo gbé ọ̀kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan sínú fíríìjì. Ní gbogbo Sátidé mo máa ń ṣí wọn, mo máa ń kọ àwọ̀ wọn àti òórùn wọn sínú ìwé, àti bóyá omi ti ń yọ lára òróró.

Àsìkò òjò ni a se ìpara yẹn, omi kànga àdúgbò la sì fi pò ó. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi á gòkè débi tí o lè fi ọwọ́ bù ú, á sì pọ́n bíi omi tíì. Kẹrosíìnì wọ́n lọ́dún yẹn, nítorí náà Àǹtí kì í fi gbogbo ìgbà se omi náà mọ́, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ní Sátidé kẹrin, nígbà tí mo ṣí ike inú kọ́bọ́ọ̀dù, ìdérí rẹ̀ mí hùù bí ẹni tó ti ń dá èémí dúró. Mo fi imú sí i. Kò rùn. Òórùn dídùn ló ń jáde, bíi ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù, nǹkan aláwọ̀ ewé kan sì tín-ín-rín bí òwú létí ike.

Àǹtí gbóòórùn rẹ̀. "Ó tún wá ń ta sánsán sí i! Kò bàjẹ́ o jàre."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọn kò dúró de ìdánwò mi. Wọ́n ti ń ta lára èyí tí a sè pọ̀ pẹ̀lú ti inú ike yìí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó bàjẹ́ tó rùn, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó bàjẹ́ tó ń dùn yìí ló já mi láyà. Mo fi díẹ̀ pa ìgúnpá mi nínú, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, oówo kéékèèké ti sú síbẹ̀, wọ́n lọ́yún lórí. Mo wọ aṣọ alápá gígùn bò ó. Èmi ni mo ṣírò ìpara yẹn, lábẹ́ òrùlé Àǹtí ni mo sì ń sùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi panu mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì pé oṣù mẹ́ta, juwọ́ sí mi láti ìdí máṣíìnì rẹ̀.

"Ìpara yín dáa gan-an o! Òun ni mo fi ń pa ọmọ mi lọ́rùn, ooru ló sú sí i."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo sọ. Mo sì wọlé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mi ò gbọ́ ìró máṣíìnì. Mo sọdá lọ bá a. Ọmọ náà wà láyà rẹ̀, kò mu ọmú, ara rẹ̀ ń jó bí iná, gbogbo ọrùn rẹ̀ sì ti pọ́n, ó ń ṣọyún. A sáré gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ọ̀jọ́. Dókítà yẹ ọrùn ọmọ wò, ó sì béèrè pé, "Kí lẹ fi pa ọmọ yìí lára?"

Aránṣọ yìí yíjú sí mi, kí n lè bá a ṣàlàyé. "Ewé lásán ni, dókítà. Àbí?"

Mo ká apá aṣọ mi sókè. "Ìpara náà ti bàjẹ́," mo ní. "Mo ti mọ̀ láti ìjẹta."

Aránṣọ náà fa etí ìró rẹ̀ kúrò níbi tó ti kan ẹsẹ̀ mi, ó sì sún jìnnà lórí bẹ́ǹṣì.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ náà fi wà ní ọsibítù kó tó bọ́ nínú ewu, àpá náà sì kù lọ́rùn rẹ̀ bí ibi tí iná jó. Mo ti ń retí kí Àǹtí bínú sí mi. Wọ́n jókòó, wọ́n gbóòórùn ike náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ni mí." Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì rìn láti ilé dé ilé títí dé Òkokomáíkò, à ń gba àwọn ike náà padà. Méjì ni a kò rí. Ẹnì kan tó ń kọjá ní Ìyànà-Ìbà ló ra ọ̀kan, Àǹtí kò sì rántí ojú rẹ̀. Obìnrin kan ló ra èkejì, ó ní òun ń gbé e lọ fún ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Àgbádárìgì. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí kò se ìpara mọ́.

Iṣẹ́ kí a máa dán ìpara wò ni mo padà wá ń ṣe jẹun. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ sọ pé mo máa ń tètè figbe ta, pé n kì í dúró kó dá mi lójú. Òótọ́ ni. Ìtìjú kí n pariwo lásán kò tó nǹkan lójú mi mọ́. Omi kànga ló ba ìpara wa jẹ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọjọ́ méjì kún àìsàn ọmọ yẹn. Ti ọmọ Igbó-Elérin, mo mọ ibi tó parí sí. Ti ọmọ Àgbádárìgì, kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè.