Gáùn Mẹ́ta Lára, Lójú Ọ̀nà Pápá Ọkọ̀ Òfurufú

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Al Qasimia, ní Sharjah, kò sí ohun tó máa ń sú mi tó ọjọ́ tí a bá ń lọ sí Èkó fún ọlidé. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà lókè òkun bíi tèmi, ẹ ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa lọ sílé wọn pẹ̀lú báàgì kan péré. Ní tiwa, ẹrù gbogbo Nàìjíríà ló ń bá wa lọ.

Màmá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Kí àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ní ọjà Deira, ní Dubai, ṣáà ti gbọ́ pé Ìyá Kẹ́mi ń lọ sílé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú èyí dání, kò wúwo." Irọ́ ni, ó máa ń wúwo. Ẹrù ẹlẹ́rù á gba gbogbo kílò tí wọ́n fún wa. Aṣọ tiwa ńkọ́? Ara wa ni Màmá ń dì í sí. Èmi á wọ gáùn mẹ́ta léra, Túndé àbúrò mi á wọ ṣòkòtò mẹ́ta àti súwẹ́tà, nínú oòrùn Sharjah tó lè dín ẹyin lórí kọnkéré. Tí mo bá kùn, Màmá á ní, "Oore kì í gbé." Èmi a sì máa sọ nínú mi pé èmi ni mò ń làágùn oore náà.

Ọdún kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ìyá Màmá mi ń retí wa ní Ìjẹ̀bú, kò tíì fojú kan Bọ́lá, ọmọ ọwọ́ ilé wa. Bàbá wa, tí iṣẹ́ báńkì kò jẹ́ kó bá wa lọ, ti kìlọ̀ pé kò sí àyè mọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú tó kù. Bí èyí bá fi wá sílẹ̀, ọlidé ti parí nìyẹn.

Takisí dé, a há sínú rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Dubai gbà wá, Bọ́lá ń ké, ni Túndé bá ní òun fẹ́ tọ̀. Awakọ̀ yà sí ilé epo, ó ń pariwo pé ká ṣe kíá, "Yalla, madam, yalla!" Ẹ gbìyànjú kí ẹ bọ́ ṣòkòtò mẹ́ta lára ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Ó ti tọ̀ sára kí a tó bọ́ ìkejì.

Bí a ṣe tún gbéra ni fóònù Màmá dún. Ẹ̀gbọ́n Sikírà ni, oníṣòwò kan ní Deira: "Ìyá Kẹ́mi, má bínú, bàtà ìgbéyàwó àbúrò mi ọkùnrin ló kù. Mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì."

Mo rò pé Màmá máa kọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kò burú, à ń bọ̀," ló fi dá a lóhùn.

Awakọ̀ ká ọwọ́ lérí, ó ní ọkọ̀ òfurufú ti lọ nìyẹn: "Madam, flight khalas!" Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Nígbà tí a gba bàtà náà, tí a sì dé pápá ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ti fẹ́ pa káńtà dé. Bàtà yẹn sì ni ẹrù wa fi kọjá ìwọ̀n. Obìnrin tó ń wọn ẹrù ní ká yọ nǹkan kúrò kíá. Màmá kò wojú ẹnikẹ́ni, ó yọ bàtà ọkọ ìyàwó náà jáde, ó ní, "Kẹ́mi, mú ẹsẹ̀ wá." Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú nìyẹn, tí mò ń wọ́ bàtà àgbà ọkùnrin nílẹ̀, tí gbogbo èrò ń wò mí. Mo búra pé lọ́jọ́ tí mo bá di ìyá, ọmọ tèmi kò ní ru ẹrù ẹnikẹ́ni.

Mo sì ti mú un ṣẹ. Discovery Gardens, ní Dubai, ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé báyìí. Ta ló tilẹ̀ jẹ́ gba ẹrù tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lóde òní? Mọ́tò tó ní ìjókòó ọmọdé ni mo máa ń pè, aṣọ kan ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀, a sì máa ń tètè dé. Síbẹ̀ wọ́n á jà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní AC kò tutù tó. AC! Ó máa ń ṣe mí bíi kí n wọ súwẹ́tà fún wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, bí a bá ti jáde ní pápá Èkó, àwọn ẹlẹ́rù á ti pé jọ, wọ́n á máa pe orúkọ wa. Lọ́dún bàtà yẹn, ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, tó gbé mi sí èjìká, tó tún fi mọ́tò gbé wa dé Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Bọ́lá fi wà lẹ́yìn ìyá àgbà.

Lọ́dún tó kọjá, awakọ̀ tí a háyà nìkan ló dúró dè wá. Èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń hó, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn. Ọmọbìnrin mi fà mí láṣọ, ó ní, "Mọ́mì, ta ni gbogbo wọn wá pàdé?"

Mo ní kì í ṣe àwa.