Òkúta Inú Kúlà

Ní Ìdí-Òro ní Mushin, ẹni tí fíríìjì rẹ̀ bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, ilé Bọ́lárìnwá ló ń gbà lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló ti lò nídìí iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ń pè é lórúkọ mọ́, Ẹnjiníà ni. Tó bá tún fíríìjì ṣe tán, á ju píọ̀ wọ́tà kan sínú rẹ̀, á jókòó tì í. Bó bá yá, á yọ omi ọ̀rá náà, á gbá a mọ́ tábìlì: kó! kó! Á wá ní, "Ó ti di òkúta. Iṣẹ́ parí." Àwọn oníbàárà kan a máa ráhùn pé ata àwọn ń dì gbagidi, pé ṣé kò lè dín otútù ọ̀hún kù ni. Lójú Ẹnjiníà, otútù ò lè pọ̀ jù, bí owó náà ò ṣe lè pọ̀ jù.

Jael ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra fún ọdún mẹ́sàn-án. Òǹgbẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Á mu omi títí, bí ẹni pé ikùn rẹ̀ lu, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló ń gún láràárọ̀, ló ń gún lálaalẹ́. Oògùn yìí wá di ọ̀wọ́n gógó, débi pé àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ní Yaba ló dáwó jọ tí wọ́n fi ra ìgò mẹ́ta fún un, èyí tó máa tó o lò fún oṣù mẹ́ta gbáko. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ fún un pé ibi tí agbára àwọn mọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni tiransifọ́mà àdúgbò jó. Fíríìjì mẹ́rin ló wà nílé Ẹnjiníà, gbogbo wọn di kọ́bọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ooru máa ń ba ínsúlínì jẹ́. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì Jameelah, tó ń tọ́jú Jael lọ́sibítù tó sì ń gbé òpin òpópónà wọn, yà kí wọn. Ó ní, "Ẹ má dààmú, Mọ̀mí. Ẹ ra àmù kékeré kan, ẹ da yanrìn sí i, kí ẹ máa wọ́n omi sí yanrìn náà láràárọ̀. Ẹ kó oògùn sínú agolo, kí ẹ rì í sínú ẹ̀. Ó máa tutù níwọ̀nba, ìwọ̀nba yẹn náà la fẹ́."

Bọ́lárìnwá rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Èmi Ẹnjiníà? Kí wọ́n wá bá oògùn ìyàwó mi nínú àmù? Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti sọ ọ́ dé ọjà Ojúwóyè!"

Jael ní, "Bàbá Kíkẹ́, ẹ jẹ́ ká kúkú ra àmù yẹn."

"Fi í sílẹ̀ fún mi, Ìyá Kíkẹ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Kí á má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Fún ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wo obìnrin yìí tó ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, tí kò sì sí ohun tó lè ṣe sí i. Àìsàn náà ò gbọ́ èdè kankan tí òun gbọ́. Nísinsìnyí, ó ti wá di ọ̀ràn otútù, inú ọkùnrin náà sì dùn pé òun náà ti rí nǹkan ṣe.

Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ áísìkirímù kan. Ibẹ̀ ló ti mọ yìnyín gbígbẹ, èyí tí kì í yọ́ di omi, tó jẹ́ pé èéfín ló ń dà, tí otútù rẹ̀ sì ju ti yìnyín omi lọ fíìfíì. Ó mọ̀ pé èèyàn lè ṣe é nílé. Ó yá àgbá pupa kan lọ́wọ́ Dennis tó ń rọ gáàsì sínú àgbá tí wọ́n fi ń paná. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Jael máa ń lọ rí dókítà, ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu kí gáàsì má baà pa wọ́n, ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ó so àpò ìrọ̀rí mọ́ ẹnu àgbá, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ariwo rẹ̀ lé àwọn alájọgbélé jáde. Nígbà tó tú àpò náà, nǹkan funfun bíi fúláwà ló wà nínú rẹ̀, tó ń rú èéfín. Ó kì í mọ́nú agolo mílíìkì títí ó fi le.

Jael pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti rí ojú ọkọ rẹ̀ tó tàn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bọ́lárìnwá fi bébà ìròyìn wé yìnyín náà, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ kúlà, ó to ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e, ó fi píọ̀ wọ́tà kan tì wọ́n, ó sì dé e pa. Ó ní Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dé ọsibítù, aago méjì ló tó kàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn tí kò gbọ́ ìtàn yìnyín gbígbẹ. Mọ̀ọ́wẹ̀ ni odò ń gbé lọ, àmọ́ ta ló máa sọ ọ́ fún un?

Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ṣí kúlà. Ó yọ omi ọ̀rá náà, ó gbá a mọ́ tábìlì Jameelah: kó! kó!

"Ó ti di òkúta," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Jameelah ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìgò oògùn kan, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Nǹkan kan ò mì nínú rẹ̀. Ó mú ìkejì, ó mú ìkẹta.

"Bàbá, àmù ni mo ní kẹ́ ẹ lò."

"Ṣebí ó tutù?"

"Ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ dì, sà. Tó bá ti dì, ó ti kú nìyẹn."

"Mo máa sá a sóòrùn. Ó máa yọ́."

"Ó máa yọ́ lóòótọ́. Omi lásán ló máa kù." Ó wo Jael, ó sì gbójú sílẹ̀. "A ò ní ìkankan níbí, Mọ̀mí. A ò mọ ìgbà tí wọ́n máa kó o dé."

Jael ò sunkún. Ó gbé píọ̀ wọ́tà náà, ó rọra gbé e lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹnjiníà," ó wí. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Iṣẹ́ parí."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Bọ́lárìnwá ra àmù ní Ojúwóyè, ó sì rù ú lórí gba òpópónà rẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ayé rí i. Ẹnìkan ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ìgò àtijọ́ tí Jael ń lò lọ́wọ́, tí kò bá ti tuntun wọ kúlà, tó kù díẹ̀ nídìí, ló rì sínú yanrìn náà. Jael ń gún ìdajì ìwọ̀n tó yẹ kó gún kí ó lè pẹ́. Láràárọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń bu omi tó ń wọ́n ọn sí yanrìn, àmù náà sì ń tutù níwọ̀nba, gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti wí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìgò náà tán. Ní ọjọ́ kẹwàá, Bọ́lárìnwá jí, ó bu omi sínú ife, ó tún lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí àmù. Jael ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Kíkẹ́, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbé omi yẹn wá kí n mu."

Ó gbé e fún un. Jael mu ún tán, ó sì na ife náà sí i pé kó tún bu òmíràn wá.