Àǹtí Dùùrù àti Àwọn Ọkùnrin Tó Fẹ́ Kọrin Òyìnbó

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó gba máìkì lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní Ṣàgámù, ojú tì í gan-an. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ògijó, ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní orin òyìnbó kan tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ nígbà náà lòun fẹ́ kọ. Mo ní ó dára. Nígbà tí orin gòkè, ohùn ọ̀gbẹ́ni ò bá a gòkè. Ó há sí i lọ́fun, ó sì já. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí, ó gbé máìkì kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, a ò sì rí i mọ́.

Máníjà pè mí. "Dùpẹ́, oníbàárà lo lé lọ yẹn o."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló mú orin."

"Òun ló mú un, ìwọ lo gbà fún un."

Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ dùùrù títẹ̀, kí n tó bá ẹgbẹ́ olórin òtẹ́ẹ̀lì náà ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà ló sì sọ mí ní Àǹtí Dùùrù. Ràfíù ló ń ta gìtá, ọkùnrin kan sì ń lu ìlù. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti jẹun tán, a máa ń ṣe ohun tí à ń pè ní Gba Máìkì. Oníbàárà tó bá fẹ́ yóò jáde wá kọrin, àwa yóò máa gbè é. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní karaókè náà ni, àfi pé tiwa ò ní ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin síta. Orí mi ni ẹ̀rọ.

Àwọn obìnrin kì í dà mí láàmú. Wọ́n mọ ìwọ̀n ara wọn. Ọkùnrin ni wàhálà! Ẹni tí ohùn rẹ̀ ò ju ti ọ̀pọ̀lọ́ lọ, orin ẹyẹ ni yóò mú. Orin òyìnbó ni wọ́n sì máa ń fẹ́ jù, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé àwọn náà kàwé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn, mo wá ọgbọ́n dá. Bí ọkùnrin bá wá bá mi, mi ò ní ní kó kọrin rárá. Mo máa ń ní, "Ẹ bá mi pe ìyàwó yín bíi pé ó wà ní ilé ìdáná." Bó bá ṣe pè é, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ni èmi yóò ti bá a tẹ dùùrù. Lẹ́yìn náà ni n óò wá orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, tí kì í gòkè lójijì, tí gbogbo èèyàn sì mọ ègbè rẹ̀, kí wọ́n lè bá a gbé e bó bá gbàgbé. Oníkùn ńlá, gbólóhùn kúkúrú ni mo máa ń wá fún un, nítorí èémí rẹ̀ kì í tó.

Ọ̀sán Wẹ́sìdeè kan ni Ìdòwú wọlé bá mi. Awakọ̀ ni, òun ló ń fi lọ́rì kó obì láti Sábó lọ sókè Ọya.

"Àǹtí Dùùrù, ẹ gbà mí o."

"Ta ló ń lé ọ?"

"Bàbá Bísí ni."

Mo mọ bàbá náà. Ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ní Ìkẹ́nnẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì máa ń wá mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́dọ̀ wa ní Sọ́ńdè. Ìdòwú fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, Bísí sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bàbá ní ọmọ òun ka ìwé mẹ́wàá, ẹni tí kò bá lè dúró láàárín àwùjọ kó sọ òyìnbó kò lè gbé e sílé. Ìwé mẹ́rin péré ni Ìdòwú kà. Ó wá ní òun fẹ́ kọ orin òyìnbó lójú bàbá ní Gba Máìkì ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Sísọ ni wọ́n ní kí o sọ ọ́, wọn ò ní kí o kọ ọ́ lórin," ni mo wí.

"Àǹtí, bí mo bá ń sọ òyìnbó, ètè mi máa ń gbọ̀n. Bí mo bá ń kọ ọ́ lórin, kì í gbọ̀n."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó pe Bísí kí n gbọ́. Ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ lójú oorun. Orin ìfẹ́ òyìnbó kan tó rọra ń lọ nísàlẹ̀ ni mo mú fún un, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà nínú ègbè rẹ̀. Ó kọ ọ́ nínú lọ́rì dé Kàdúná, ó kọ ọ́ bọ̀. Nígbà tó fi máa dé, ó ti mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ni ín lọ.

Sọ́ńdè pé. Bísí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó káwọ́ lé itan. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ti dé, ṣùgbọ́n bàbá fúnra rẹ̀ ò tíì dé. A dúró títí, máníjà ní ká bẹ̀rẹ̀. Ìdòwú gba máìkì, ohùn rẹ̀ sì jáde geere. Inú mi ń dùn bọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí bàbá wọlé ní àárín ẹsẹ kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ àṣìṣe mi. Mo ti kọ́ ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ orin, mo kọ́ ọ ní èémí, mi ò rántí pé ọmọ Rẹ́mọ tó ń tọrọ aya ò lè dúró gangan kó máa kọrin lójú ẹni tó fẹ́ fi ṣe àna. Ìdòwú gbé máìkì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàsán, sà!"

Orin já. Bàbá ò ní kó dìde. Mo ṣẹ́jú sí Ràfíù pé ká má ṣe dákẹ́, a wá ń yí lórí ègbè nìkan, à ń yí i ká.

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé orin yẹn ti parí ni?"

"Rárá, sà," Ìdòwú dáhùn láti ilẹ̀.

"Ta lo wá ń dúró dè kó bá ọ parí ẹ̀?"

Mo rò pé yóò dìde. Kò dìde, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó dìde. Ó na ọwọ́, ó fa máìkì sẹ́nu, ó sì ń kọ orin lọ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, òun náà ló kọ́kọ́ gbè é. Kí a tó pajú pẹ́, gbogbo ilé ti ń gbè é, wọ́n ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìka mi ṣìnà. Ìdòwú kọ ọ́ tán, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

"Dìde, ọmọkùnrin," ni bàbá wí. Ó lọ jókòó, ó mu ọtí rẹ̀ tán, ó sì gbalé lọ láìsọ nǹkan míì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìdòwú wá bi mí bóyá mo gbọ́ nǹkan kan, èmi náà ò lè sùn dáadáa, nítorí èmi ni mo yan orin. Láti ìgbà náà, bí mo bá ń yan orin fún ọkùnrin, mo máa ń rí i pé ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí àwa olórin lè máa yí ká bí àgbà bá wọlé. Ràfíù pè é ní àyè ìdọ̀bálẹ̀. Mo lò ó títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò já mi kulẹ̀ rí.

Ní Sọ́ńdè kejì, mo ń nu dùùrù lọ́wọ́ nígbà tí bàbá wọlé, òun nìkan. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wẹ̀yìn wò kó tó sún mọ́ mi.

"Dùpẹ́, ṣé o ní orin kan tó rọrùn? Èyí tí kì í gòkè?"

"Fún ta ni, sà?"

"Fún èmi ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, mi ò dá kọrin rí. Àyà mi ń já."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ ọ́, sà?"

"Ọjọ́ ìgbéyàwó Bísí."

Omi bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá Ìdòwú ti gbọ́.

"N óò sọ fún un tí mo bá kúrò níbí. Kọ́kọ́ wá orin yẹn fún mi ná. Mi ò lè jẹ́ kí àna mi kọrin jù mí lọ níwájú àwọn ará ilé mi."