Àpótí Délé

Òórùn obì tútù nínú ewé ló dá mi dúró lọ́jà Ṣàgámù láàárọ̀ yìí. Òórùn yẹn ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ tí awakọ̀ tó fi eré àsápajúdé pa ẹ̀gbọ́n mi Délé ti ẹ̀wọ̀n dé. Èmi àti Màmá náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Bí mo ṣe rí awakọ̀ náà, ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ obì ni mo sá sí.

Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ń bó obì lọ.

"Ẹ dárí jì mí, mà."

Bàbá ní, "Lé e jáde."

"Bàbá Délé, bí Jésù bá ń lé ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde, ta ni ì bá kù nínú wa?"

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rí Màmá ní kóòtù ló rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Màmá nuwọ́, wọ́n ti àpótí ìjókòó Délé, tí ẹnikẹ́ni ò fìdí kàn láti ìgbà ìsìnkú, sí i.

"Dìde, jókòó. Bá mi bó obì."

Ó ń bó o, ó ń sunkún. Màmá gbé orin ìyìn sókè títí àwọn ará ilé kejì fi ń gbè é. Mo jáde lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, mo bu omi fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e, omi náà ò dà.