Kannakánná Mọ Ojú

Dókítà Ẹyẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ sì wà nínú orúkọ náà. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè dókítà ní yunifásítì, ìyá àgbà ilé kejì gbé orúnkún tó ń dùn ún wá bá a.

"Ẹ má bínú, Màmá, èmi kì í ṣe dókítà orúnkún. Ẹyẹ ni mo kọ́."

Ìyá náà wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀. "Ọdún mélòó lo fi kọ́ ọ?"

"Ọdún márùn-ún, Màmá."

"Háà! Ẹyẹ ọ̀hún á ti fò lọ."

Kannakánná ni ẹyẹ ọ̀hún, kò sì fò lọ síbì kankan. Orí òrùlé ló wà níbẹ̀ yẹn, tó ń wo èèyàn bí ẹni tó mọ ohun téèyàn jẹ lánàá. Ohun tí Dókítà Ẹyẹ fẹ́ mọ̀ láàárín ọdún márùn-ún yẹn kò le: béèyàn bá ṣẹ kannakánná kan, ṣé àwọn yòókù á gbọ́? Ó wá di dandan kó di ọ̀tá wọn. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ní kó má fi ojú ara rẹ̀ ṣe é, kó wá ojú tí ẹyẹ ìlú náà kò rí rí, kí wọ́n fi rọ́bà ṣe é ní ìbòjú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kúrò nílé tipẹ́, kí àwọn ẹyẹ ìsinsìnyí tó jáde nínú ẹyin. Ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní èbúté òkèèrè nígbà náà, ó sì ti búra pé òun kò ní padà wálé. Àárò rẹ̀ ń sọ àbúrò rẹ̀ gan-an. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lára ògiri pálọ̀. Fọ́tò náà ló já, tó gbé fún oníṣẹ́ ọnà kó fi ṣe ìbòjú. Ẹ má tíì bá a wí. Ta ni ì bá ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Bó ṣe ń gbé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ láràárọ̀ nìyẹn, tó ń fi àwọ̀n mú kannakánná, tó ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, tó sì ń tú wọn sílẹ̀. Kò pa ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹyẹ pé ìwádìí ni? Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbé ìbòjú náà wọ̀, ariwo á sọ lórí gbogbo igi. Bó bá bọ́ ọ, wọ́n á dákẹ́ wẹ́lo. Ó tún kíyè sí i pé àwọn tó ṣì wà nínú ẹyin lọ́jọ́ tó mú ẹyẹ kẹ́yìn náà ń bú ojú yẹn. Àyà rẹ̀ já. Inú rẹ̀ sì dùn, nítorí èsì ìwádìí ti dé.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan gbé ìdíje àròkọ kalẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè dókítà nínú ìmọ̀ ohun abẹ̀mí. Kí oníkálukú ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kó yé ẹni tí kò kàwé. Ilé ìwádìí wọn yóò gba ẹni tó bá gba ipò kìíní síṣẹ́. Dókítà Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ báyìí: "Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Kannakánná ń sọ." Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìbòjú, ó kọ ọ́ pé ojú náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó gba ipò kìíní.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa fún un lẹ́bùn náà ni Ẹ̀gbọ́n já wọlé láìsọ fẹ́nì kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Ó ní òun ti dé nìyẹn, òun kò lọ mọ́. Ìyá wọn ń jó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, kannakánná kan tó bà sórí wáyà iná sì yí ọrùn. Kò ké. Ó kàn wo ọkùnrin náà dáadáa, ó pẹ́ díẹ̀, kó tó wá ké. Kí wọ́n tó já ẹrù tán, òrùlé ti dúdú, àwọn ẹyẹ sì ń já lu Ẹ̀gbọ́n lórí. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹyẹ ilé wa ti gbàgbé mi ni?"

Àbúrò rẹ̀ gbé ẹrù wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn kannakánná ti ń tò sórí ọgbà, gbogbo wọn á kọjú sí fèrèsé yàrá Ẹ̀gbọ́n, láìpariwo. Bó bá yọ orí, wọ́n á dìde. Dókítà Ẹyẹ sun ìbòjú náà nínú iná, pàbó ló já sí. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: kí ni ọkùnrin yìí fọwọ́ ṣe lókè òkun? Ẹyẹ kì í ṣàdédé mọ ọ̀daràn. Ìyá wọn gan-an pe Ẹ̀gbọ́n sí kọ̀rọ̀, omi lójú.

"Ọmọ mi, ṣé ọwọ́ ẹ mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó búra. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú tì í, síbẹ̀ kò wí nǹkan kan. Bó bá sọ ọ́, irọ́ inú àròkọ rẹ̀ á yọ síta, iṣẹ́ lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ ẹ̀bùn, Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ẹyẹ tó máa dí òun lọ́wọ́ àtibá àbúrò òun yọ̀. Ó fi aṣọ bojú jáde, ó jókòó ti ìyá wọn nínú gbọ̀ngàn, ó wá ṣí ojú. Dókítà Ẹyẹ ti ń ka àròkọ rẹ̀ nígbà tí kannakánná àkọ́kọ́ bà sí ojú fèrèsé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n kún gbogbo fèrèsé, wọ́n ń fi ẹnu kan gíláàsì, kó, kó, kó. Àwọn èèyàn rò pé ara ètò ni, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó ka á dé ibi tó ti kọ ọ́ pé ojú náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ó wo ibi tí Ẹ̀gbọ́n jókòó sí. Ó gbé ìwé sílẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni. Àwọn ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Wọn ò ṣẹ ẹyẹ kankan rí."

Àwọn adájọ́ gbé ẹ̀bùn àti iṣẹ́ fún ẹni kejì. Ní ti àdúgbò, wọ́n ń wọlé wá ní méjì méjì láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, ìyá olórúnkún ló ṣáájú. Àwọn kannakánná kò kúrò lórí ọgbà.

Ẹ̀gbọ́n kò bínú, èyí ló sì dun àbúrò rẹ̀ jù. Nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ìyá wọn gbé ọwọ́ lé ikùn ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣàdúrà.

"O máa bí wẹ́rẹ́. Ọmọ yìí á dàgbà, á máa bá bàbá ẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ò lè dé. Á sì jọ bàbá ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n la kóró obì sí méjì."

"Àmín," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Àmín o, Màmá," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Wọ́n ń retí àmín Dókítà Ẹyẹ. Ó la ẹnu, ó rántí àwọn kannakánná orí ọgbà, kò lè ṣe é.