Ọdún tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dákẹ́

Òórùn àgbọn tí màmá mi ń sè láti fa òróró ti gba gbogbo agboolé wa ní Àgbádárìgì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìdíkátù, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, jókòó nítòsí ààrò, ó kọjú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ fún un, kò tilẹ̀ wò ó.

Lóṣù díẹ̀ ṣáájú, ó ti ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tí àwa kò rí. Wọ́n fún un lóògùn ní ọsibítù, ohùn náà sì lọ. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n òun alára wá dákẹ́. Kì í jẹun, kì í rẹ́rìn-ín, àfi ká fà á dìde kó tó wẹ̀.

Bàbá mi, tó ń kó aṣọ wá láti Kutọnu, sọ pé ara Sìdíkátù ti yá, ọ̀lẹ ló kù. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tì mí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Màmá mi ní, “Bàbá Sìdí, ẹ wò ó dáadáa. Ariwo ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò tíì dé.” Ó máa ń sọ pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ó pa iná ààrò, ó mú wa lọ sí ọsibítù.

Dókítà kò bi màmá mi léèrè, ẹ̀gbọ́n mi ló bi. “Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi fèsì. “Ó rẹ̀ mí, sà. Ó ń wù mí kí n sùn, kí n má jí mọ́.”

Màmá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. “O ṣeun tí o sọ ọ́,” ló wí.

Dókítà ní ìbànújẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ó kọ́kọ́ dín oògùn àkọ́kọ́ kù, torí pé bó bá pọ̀ jù, ó lè mú ara èèyàn wúwo. Nígbà tí ìbànújẹ́ kò lọ, ó fi oògùn mìíràn kún un. Ó ní ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ká sì máa fún un níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àgbọn kan lóòjọ́ ni màmá mi ní kó máa rin, kí èmi jókòó tì í. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò rin ju ìlàjì lọ. Màmá mi ní ó kúnná dáadáa. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń ka ìwé mi sókè, ẹ̀gbọ́n mi sì ní, “Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é. Tún un kà.” Màmá mi gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì ń sunkún níwájú ààrò.

Sìdíkátù parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ń lo oògùn rẹ̀ títí dòní. Bí ìbànújẹ́ bá tún dé, ó ń mú ara rẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Èmi ti di ìyá àgbà, mo ń tajà ní ọjà Agbalata. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń ráhùn pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti dé láti ọsibítù, kò ṣe nǹkan kan ju kó dùbúlẹ̀ lọ. Ohun tí n kò rí ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo rí i kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní kó dìde, ká jọ lọ mú ọmọ náà padà sọ́dọ̀ dókítà.