Páálí Ẹja Tí A Gbé Lọ Sílé Apẹja

Apẹja ni ọkọ mi kó tó di ọ̀gá. Ní abúlé wa létí òkun Ìlàjẹ, òun a pa ẹja, èmi a yan án, àwọn oníbàárà a wá kó o lẹ́nu ààrò mi. Ni ará wa kan bá ti Warri wálé pẹ̀lú bàtà tó ń dán, ó ní iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri lọ́hùn-ún. Ọkọ mi ta àwọ̀n rẹ̀, a kó lọ.

Iṣẹ́ tó rí ni kó máa ṣí géètì hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road. Tó bá fóònù sílé, "ọ́fíìsì" ló ń pè é. Èmi ńkọ́? Yàrá kan la gbà ní Edjeba. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná igi, onílé figbe ta: "Madam, you wan burn my house?" Bí iṣẹ́ mi ṣe parí nìyẹn. Èmi tí mò ń ta ẹja wá ń tọrọ owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ, mo sì ń fi í ra ẹja inú yìnyín. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí Kérésì dé, ọkọ mi ní a ò lè lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ó ra odidi páálí ẹja yìnyín kan.

Mo ní, "Olówó orí mi, ẹja lẹ fẹ́ gbé lọ fún apẹja?"

"O ò lè mọ̀. Ẹja òyìnbó ni. Dem no get dis one for village."

Kò ní jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ pé ìyá ọba lájẹ̀ẹ́. Mo bá a fi okùn di páálí náà.

Ká tó délé, yìnyín ti yọ́, omi ẹja ń ro sára ṣòkòtò ọ́fíìsì. Ìyá ọkọ mi tú páálí, ó fọwọ́ tẹ ẹja kan wò.

"Ta ló pa á?" Ọmọ rẹ̀ ò mọ̀.

"Ìgbà wo ló kú?" Kò mọ ìyẹn náà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rín tèmi.

Ìyá wá yíjú sí mi: "Ìyàwó mi, lọ yan án kó tó bàjẹ́ tán. Ààrò rẹ wà níbi tó wà, mò ń gbá a láràárọ̀." Mo débẹ̀, mo bá igi gbígbẹ nílẹ̀. Omijé ti bọ́ lójú mi kí èéfín tó débẹ̀.

Mi ò bá a padà sí Warri mọ́. Ẹja yíyan mi ló ń lọ síbẹ̀ báyìí, òun ló ń bá mi tà á lẹ́nu géètì. Mo gbọ́ pé ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "My wife get company."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ó ní ṣé kọ́ńpìnnì mi ò nílò apẹja.

Mo ní kó kọ̀wé wá sí ọ́fíìsì.